Dídán quantum dot kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀

Ẹni tó bá wo àwòrán quantum dot, ègé kírísítà tín-ín-tín tó ń dán, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìgò tó ń dán búlúù, tó ń dán bí ọ̀mùnú ewé, tó ń dán pupa ni yóò rí. Ó wu ojú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi dot ṣe iṣẹ́ ewé, kó fi ìmọ́lẹ̀ fa háídrójìn jáde láti inú omi, kó má jẹ́ kí dídán yẹn tan òun jẹ. Ìmọ́lẹ̀ tí dot ń tú jáde jẹ́ agbára tó gbà wọlé tí kò rí lò. Bí oníṣòwò tó ru ẹrù lọ sí ọjà Òkè-Àjẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó sì ru gbogbo rẹ̀ padà wálé nírọ̀lẹ́ ló rí: ó rìn, ó làágùn, kò tà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní láàbù ní Ago-Ìwòyè, ní Ìjagun, ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, tí ẹ ní ààrò láàbù, òṣùwọ̀n tó dára àti spectrophotometer (ẹ̀rọ tó ń wọ̀n bí nǹkan ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀) ṣùgbọ́n tí ẹ kò ní ẹ̀rọ olówó gọbọi, ẹ̀yin ni mo ní lọ́kàn. Iṣẹ́ tó lórúkọ wà níbẹ̀ fún yín, bí ẹ bá mọ ohun tó yẹ kí ẹ wọ̀n.

Quantum dot jẹ́ ègé kírísítà kékeré, nánómítà 2 sí 10 péré. Ní ìwọ̀n yẹn, ìtóbi ló ń pinnu àwọ̀. Cadmium selenide kan náà tó ń tàn búlúù ní nánómítà 2 á tàn pupa bó bá tó 6, nítorí pé bí àyè bá ṣe ń há mọ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó, bẹ́ẹ̀ ni àlàfo agbára inú rẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Alexei Ekimov kọ́kọ́ rí i nínú gíláàsì, Louis Brus rí i nínú ohun olómi, Moungi Bawendi ló sì wá rí ọ̀nà láti ṣe dot tí gbogbo wọn dọ́gba. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ẹ̀bùn Nobel fún kẹ́mísìrì ní 2023.

Ìṣirò kan wà tó yẹ kó wà lórí yín: ẹ fi ìgùn ìgbì ìmọ́lẹ̀, ní nánómítà, pín 1240, iye agbára tó wà nínú ègé ìmọ́lẹ̀ kan (photon), ní eV, òṣùwọ̀n agbára kékeré, ló máa jáde. Ìmọ́lẹ̀ búlúù ti nánómítà 450 ní nǹkan bí 2.76 eV. Láti pín omi, 1.23 eV la nílò fún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Agbára ti tó, ó tún ṣẹ́ kù. Àkókò ni kò sí. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá lu dot, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan á fò sókè, á fi ihò sílẹ̀ níbi tó ti kúrò. Láàárín ìwọ̀nba nanosecond (ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá), àwọn méjèèjì á tún pàdé, agbára á sì jáde bí ìmọ́lẹ̀ tàbí ooru. Nígbà yẹn, háídrójìn ń dúró de ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 2 kó tó lè di gáàsì, ọ́síjìn sì ń dúró de ihò 4 lójú kan náà.

Ewé ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Láàárín picosecond mélòó kan (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún nanosecond) ló ti ń gbé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jìnnà sí ihò, ó ń fà á látọwọ́ èyí dé ọwọ́ ìyẹn kó má baà rí ọ̀nà padà. Ní apá ihò, ìdì manganese 4 àti calcium 1 ló ń kó ihò jọ títí yóò fi pé 4, kó tó já omi. Síbẹ̀ náà, iṣẹ́ yìí ń jẹ ewé lára: protein kan tí wọ́n ń pè ní D1 ń bàjẹ́, ewé sì ń pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ara wọn bí oòrùn bá mú gan-an. Dot inú ìgò kò ní ẹni tó máa tún un ṣe. Bí ihò bá dúró pẹ́ lára cadmium sulfide, dot fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ: sulfide á yí padà, cadmium á sì yọ́ sínú omi. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ihò ló yẹ ká máa lé kúrò lára dot, kí á tó máa yọ̀ lórí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù.

Iṣẹ́ tó fi èyí hàn jù lọ ni ti yunifásítì Rochester ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2012. Wọ́n fi dihydrolipoic acid bo cadmium selenide lára kó lè yọ́ nínú omi, wọ́n fi iyọ̀ níkẹ́ẹ̀lì ṣe catalyst (ohun tó ń mú kí ìṣe kẹ́míkà yára), wọ́n sì kó ascorbic acid (Vitamin C) sínú rẹ̀ láti máa gba ihò. Ó ṣiṣẹ́ ju wákàtí 360 lọ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ nánómítà 520, níkẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ṣe ju háídrójìn 600,000 lọ, ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ ló sì di iṣẹ́. Ẹ wò ó dáadáa: wọn kò pín omi pátápátá. Ascorbic acid ni ihò ń jẹ, bó bá sì tán, iṣẹ́ tán. Ìdajì iṣẹ́ ewé nìyẹn, ìdajì tó rọrùn.

Cadmium ń pa kíndìnrín, ìdọ̀tí rẹ̀ kò sì ṣeé dà sínú gọ́tà. Níbi tí kò bá ti sí ètò gidi fún kíkó ìdọ̀tí kẹ́míkà, kí ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ mú dot kábọ̀n. Kò lágbára tó, ṣùgbọ́n ẹ lè ṣe é láti inú citric acid tí wọ́n ń tà fún àwọn olóúnjẹ, bó bá ti jẹ́ ojúlówó.

Ìlànà dot kábọ̀n tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ni èyí tó jáde ní 2013: citric acid gíráàmù 1.05, ethylenediamine máíkírólítà 335, omi tí a sè tó tún di omi padà mìlílítà 10, nínú autoclave onírin (àgbá tí a ń dì pa) tó ní ìkòkò Teflon nínú, ní 200 °C fún wákàtí 5. Ethylenediamine ń jó awọ ara, èéfín rẹ̀ sì ń ta èèyàn lójú àti nímú; ẹ máa kán an díẹ̀díẹ̀ sórí citric acid tó ti yọ́, lábẹ́ fume hood (àpótí tó ń fa èéfín jáde), nítorí ó máa gbóná. Ìkòkò mìlílítà 25 tó fún mìlílítà 10 yìí. Ẹ má kún un kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta láé. Ní 200 °C, omi ń ti nǹkan pẹ̀lú agbára tó ju ìlọ́po 15 ti afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi pressure pot ilé ìdáná dán èyí wò. Bí wákàtí bá pé, ẹ pa ààrò, kí ẹ fi í sílẹ̀ dọjọ́ kejì. Autoclave tó ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́ kò ṣeé ṣí.

Ọ̀rọ̀ iná wá ńkọ́? Ààrò láàbù ń fa nǹkan bí kilowatt 1.5, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I-better-pass-my-neighbour kò lè gbé e. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní wákàtí kejì, tí wọ́n sì mú un dé ní wákàtí kẹrin, dot tó máa jáde kì í ṣe dot wákàtí 5 mọ́: àwọn kan ti dàgbà, àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ẹ fi àmì sí ìgò yẹn lọ́tọ̀, kí ẹ má dà á pọ̀ mọ́ òmíràn. Ìyẹn náà ni mi ò fi gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó kọ́kọ́ lọ ṣe oríṣi tí wọ́n ń fi citric acid nìkan ṣe, tí wọ́n ń yan ní 180 °C fún wákàtí 40, àfi bí iná yín bá dúró ṣinṣin.

Omi tó bá jáde nínú autoclave wákàtí 5 yẹn á pọ́n bí tíì tó le, á sì dán búlúù kíkan lábẹ́ iná UV. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n pé dídán rẹ̀ tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tó gbà wọlé. Ibí ni ìdẹkùn àkọ́kọ́ wà. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà làwọn olùwádìí fi hàn pé púpọ̀ nínú dídán yẹn kò wá láti ara dot rárá. Mólíkù kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ IPCA ló ń dán, èyí tí citric acid àti ethylenediamine máa ń ṣe fúnra wọn kó tó di pé dot dé. Ẹni tí kò bá fọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, mólíkù ló ń kẹ́kọ̀ọ́ lé lórí tó ń pè ní dot.

Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ rèé. Ẹ fi filter 0.22 máíkírómítà sẹ́ ẹ, kí ẹ dà á sínú dialysis tubing 1 kDa (ọ̀rá tó ń jẹ́ kí mólíkù kékeré jò jáde, tó sì ń dá èyí tó tóbi dúró), kí ẹ kó o sínú bíkà tó gba omi lítà 1, kí ẹ máa pààrọ̀ omi yẹn ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà fún ọjọ́ méjì. Ẹ má da omi òde àkọ́kọ́, èyí tó wà nínú bíkà, nù! Ẹ gbẹ ẹ́, ẹ tọ́jú rẹ̀, ó máa wúlò níwájú. Ohun tó kù nínú tubing ni dot. Ẹ gbẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ẹ lè mọ iye mílígíráàmù tó wà nínú mìlílítà kan. Ọ̀pọ̀ á rí i pé dídán dínkù gan-an lẹ́yìn fífọ̀. Kí ẹ má bínú sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ̀n dídán yẹn, quinine sulfate nínú sulfuric acid 0.1 M (M ni móòlù nínú lítà kan) ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n, dídán tirẹ̀ jẹ́ 0.54, ìyẹn ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí absorbance (bí omi ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tó) àwọn méjèèjì má kọjá 0.1, torí bí omi bá ki jù, iwájú ìgò á gba ìmọ́lẹ̀ tán, ẹ̀yìn á wà lókùnkùn, nọ́ńbà yín á sì wálẹ̀ láìnídìí. Ẹ wo absorbance ní nánómítà 450 pẹ̀lú. Dot citric acid fẹ́ràn UV, ìrù rẹ̀ nìkan ló ń wọ inú búlúù. Bí ìrù yẹn bá kéré jọjọ, iná LED búlúù kò ní rí nǹkan dì mú.

Ó wá ku ìgò iṣẹ́. Omi mìlílítà 10, dot mílígíráàmù 5, ascorbic acid mílígíráàmù 176 kó lè jẹ́ 0.1 M, kí ẹ fi sodium hydroxide gbé pH dé 4.5. Fún níkẹ́ẹ̀lì, ẹ yọ́ nickel nitrate hexahydrate mílígíráàmù 29.1 sínú mìlílítà 100, ìyẹn á jẹ́ 1 mM, mìlílítà 0.2 nínú rẹ̀ ló máa wọ ìgò, níkẹ́ẹ̀lì inú ìgò á sì jẹ́ 20 µM. Ascorbic acid ọ̀hún gbọ́dọ̀ jẹ́ ti láàbù. Vitamin C oníṣúgà tí àwọn ọmọdé ń lá ní àwọ̀ àti ṣúgà, ihò á máa jẹ ìyẹn náà, ẹ ò sì ní mọ ohun tí ẹ ń wọ̀n. Ẹ pò ó lọ́jọ́ tí ẹ máa lò ó. Bó bá ti pọ́n, afẹ́fẹ́ ti jẹ ẹ́. Omi náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a sè tó tún di omi padà, tàbí deionized (tí wọ́n ti yọ iyọ̀ inú rẹ̀). Omi inú ọ̀rá tí a ń pè ní pure water ní iyọ̀ nínú, omi bọ́ọ̀hù tó ń fi ìpọ́n sára báfù sì kún fún irin, irin á sì dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án.

Àwọn kan máa ń fi kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní EDTA rọ́pò ascorbic acid, torí wọ́n kà á pé EDTA ń gba ihò dáadáa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n EDTA ń di níkẹ́ẹ̀lì mú gírígírí, kò ní jẹ́ kó ráyè ṣiṣẹ́. Catalyst tí níkẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti wà nínú ìdè tó lágbára ló lè bá EDTA gbé. Iyọ̀ níkẹ́ẹ̀lì lásán kò lè ṣe é. Bí ẹ kò bá sì mọ̀ bóyá dot ni kò dára tàbí catalyst, ẹ ra chloroplatinic acid díẹ̀, èyí tó ní platinum nínú, kí ẹ fi í dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Bí platinum kò bá rí háídrójìn kankan mú jáde pẹ̀lú dot yín, níkẹ́ẹ̀lì kò jẹ̀bi.

Ẹ fi rọ́bà dí ẹnu ìgò, kí ẹ fi náítrójìn lé afẹ́fẹ́ jáde fún ìṣẹ́jú 20, abẹ́rẹ́ kan wọlé dé ìsàlẹ̀ omi, èkejì jáde lókè. Ọ́síjìn tó bá ṣẹ́ kù á máa já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ níkẹ́ẹ̀lì. Oòrùn kò dára fún ìwọ̀n. Ìkùukùu oṣù Keje àti ọyẹ́ oṣù Kejìlá kò ní jẹ́ kí ọjọ́ méjì dọ́gba. LED búlúù tí agbára rẹ̀ kì í yí ló dáa, kí ìgò jókòó sínú omi tó dúró ní 28 °C, kí ohun tó ń ro omi pọ̀ máa yí.

Ìdẹkùn kejì wà nínú wíwọ̀n gáàsì. Ọ̀pọ̀ máa ń dojú burette (ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fàmì mìlílítà sí) dé inú omi, wọ́n á ka mìlílítà tó bá jáde. Ká ní àyè gáàsì yín jẹ́ mìlílítà 50, tí iná sì mú un gbóná láti 28 dé 33 °C. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ nìkan á fẹ̀ ju mìlílítà 0.8 lọ, ká tó wá fi omi tó di gáàsì kún un. Ẹ ò tíì ṣe háídrójìn kankan o. Báyìí ẹ wo ohun tí ẹ ń retí: iná 100 milliwatt tó wọ ìgò ní nánómítà 450 fún wákàtí 1 jẹ́ joule 360. Móòlù ìmọ́lẹ̀ yìí kan jẹ́ kilojoule 266, nítorí náà ohun tó wọlé jẹ́ nǹkan bí 1,350 µmol. Ègé ìmọ́lẹ̀ (photon) méjì ń lọ fún háídrójìn kan, bí iṣẹ́ yín bá sì jẹ́ ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún, 6.8 µmol lẹ máa rí. Ní ooru tiwa níbí, mìlílítà gáàsì kan jẹ́ nǹkan bí 40 µmol. Gbogbo háídrójìn yín kò ju mìlílítà 0.17 lọ. Ooru lásán ti ṣe ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ lọ wá gas chromatograph (ẹ̀rọ tó ń ya gáàsì sọ́tọ̀, tó sì ń wọ̀n wọ́n) yá, kódà bó jẹ́ ìlú mìíràn ló wà. Kó ní TCD (ohun tó ń mọ gáàsì nípa bó ṣe ń gbé ooru) àti column molecular sieve 5A (ọ̀pá tó ń ya àwọn gáàsì sọ́tọ̀), kí argon tàbí náítrójìn jẹ́ gáàsì tó ń gbé e. Bí wọ́n bá fi helium gbé e, háídrójìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mọ́, nítorí bí àwọn méjèèjì ṣe ń gbé ooru fara jọra. Ẹ mọ àyè gáàsì inú ìgò yín gan-an: ẹ bu omi kún un fọ́fọ́, ẹ wọ̀n ìwúwo rẹ̀, ẹ yọ ti ìgò òfìfo kúrò, ẹ yọ mìlílítà 10 ti iṣẹ́.

Ẹ kọ èsì yín gẹ́gẹ́ bí ìdá ìmọ́lẹ̀ tó di háídrójìn. Mi ò fẹ́ràn kíkọ ọ́ ní µmol fún gíráàmù fún wákàtí, bí ọ̀pọ̀ ìwé ṣe ń ṣe. Bí o bá fi dot mílígíráàmù 0.1 síbẹ̀ dípò 5, nọ́ńbà yẹn á fò sókè láìjẹ́ pé iṣẹ́ kankan dára sí i.

Ẹ ṣe ìgò mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti fi wéra: ọ̀kan tí kò sí iná, ọ̀kan tí kò sí dot, ọ̀kan tí kò sí níkẹ́ẹ̀lì, ọ̀kan tí kò sí ascorbic acid. Kí ẹ wá ṣe ìkan tó jẹ́ pé ohun tí ẹ gbẹ láti inú omi òde dialysis ló wà nínú rẹ̀ dípò dot. Bí ìyẹn bá ṣe háídrójìn tó tó ti dot, ẹ mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ tún máa kán ascorbic acid díẹ̀díẹ̀ sínú dot, kí ẹ máa wo bí dídán ṣe ń lọ sílẹ̀, pH kò gbọ́dọ̀ yí. Bí dídán bá ń kú tí háídrójìn ń pọ̀, ihò ń rí ibi lọ. Bó bá ń kú tí háídrójìn kò yọjú, ihò ti lọ, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni kò rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ catalyst. Bí dídán kò bá yẹsẹ̀ rárá, ẹ padà sára dot.

Ibi tí Ìjẹ̀bú wá kan ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni oúnjẹ tí ihò máa jẹ. Ríra ascorbic acid láti fi ṣe háídrójìn kò bọ́gbọ́n mu kọjá inú láàbù. Àwọn kan ní Cambridge ti fi hàn ní 2017 pé igi àti bébà lè bọ́ ihò cadmium sulfide, nínú omi tó kún fún potash kíkan (potassium hydroxide, kì í ṣe káún). Ní tiwa, gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tẹ gààrí ni omi ẹ̀gẹ́ ti ń ṣàn lábẹ́ jáàkì, tó ń run, tó ń pa koríko. Gààrí Ìjẹ̀bú ń pẹ́ nínú àpò kó tó kan bó ṣe yẹ, ìyẹn ni pé lactic acid àti ṣúgà wà nínú omi rẹ̀, lactic acid sì jẹ́ ohun tí ihò máa ń jẹ dáadáa. Èyí ni mo rò pé ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé yẹ̀ wò.

Kò ní rọrùn. Cyanide inú omi ẹ̀gẹ́ á fa níkẹ́ẹ̀lì mọ́ra, kò sì ní tú u sílẹ̀. 20 µM níkẹ́ẹ̀lì kò nílò ju 80 µM cyanide lọ láti kú pátápátá. Ẹ má sì kù gìrì sè é lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Linamarin ló di cyanide náà mú, enzyme inú ẹ̀gẹ́ ló ń tú u, sísè sì ń pa enzyme náà. Ẹ jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ tó gbé e ka iná lábẹ́ fume hood tàbí ní gbangba, kí ẹ dúró sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń wá, torí hydrogen cyanide máa ń di gáàsì ní 26 °C, ó sì ń pa èèyàn. Ẹ fi bébà picrate kọ́ sókè rẹ̀, bébà yẹ́lò tó tutù, tó ń pọ́n bí cyanide bá kàn án; kò gbọ́dọ̀ pọ́n mọ́ kí ẹ tó dáwọ́ dúró. Ẹ ra bébà tí wọ́n ti ṣe tán. Picric acid gbígbẹ máa ń bú gbàù.

Lẹ́yìn náà, ẹ sẹ́ omi yẹn pẹ̀lú 0.22 máíkírómítà, kí ẹ sì ṣe ìgò òkùnkùn tirẹ̀ lọ́tọ̀, omi ẹ̀gẹ́ nìkan, láìsí dot, láìsí iná, fún iye wákàtí kan náà. Kòkòrò àìrí tó ń mú ẹ̀gẹ́ kan lè ṣe háídrójìn fúnra wọn láìrí ìmọ́lẹ̀ kankan, pàápàá nínú ìgò tí náítrójìn ti lé ọ́síjìn inú rẹ̀ jáde. Iye tí ìgò òkùnkùn bá ṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ kúrò kí ẹ tó kọ ohunkóhun sí orúkọ dot.